Pápá Bàlúù Tí Ìyá Mi Ti Kọ́ Mọ́tò

Nígbà tí dírẹ́bà ìyá mi fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìdágbére, tí ẹrù àdìrẹ sì wà nílẹ̀ tí kò rẹ́ni gbé e lọ sọ́jà, ìyá mi ní òun kò ní wá dírẹ́bà mìíràn mọ́. Òun fúnra òun ni yóò máa wa píkọ́ọ̀pù òun. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà náà. Ọjà àdìrẹ Ìtòkú ló ti ń tajà, ó ti lọ sí Mẹ́kà, Alájà sì ni gbogbo wa ń pè é, àwa ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú. Ọdún tí àwọn ṣọ́jà gbé ìjọba fún alágbádá ni. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, mo wà nílé, mo ń retí ibi tí wọn yóò gbé mi lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló gbà láti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n níbo? Ní Ìtòkú, ẹni tó mọ mọ́tò wà gan-an ń ṣàdúrà kó tó sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wá rántí pápá bàlúù àtijọ́ kan tó wà lẹ́yìn Láfẹ́nwá, láàárín oko, èyí tí àwọn ṣọ́jà òyìnbó ṣe nígbà ogun àgbáyé kejì, tí wọ́n sì fi sílẹ̀ nígbà tí ogun parí.

Ọjọ́ Sátidé la lọ. Ilẹ̀ náà gùn lọ rẹrẹẹrẹ, ó tẹ́jú bí ẹní. Ọ̀dà rẹ̀ ti sán, koríko ń yọjú láàárín. Ilé àwọn ṣọ́jà kò ní òrùlé mọ́, àwọn ewúrẹ́ ló ń gbé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dà náà funfun láti ibì kan dé ibì kejì: àwọn ará abúlé ìtòsí ti sá ẹ̀gẹ́ láfún sí i.

"Ṣé orí oúnjẹ àwọn èèyàn ni mo fẹ́ wa mọ́tò gbà?" ni ìyá mi wí.

Bí a ti ń wo ara wa, ìyá àgbà kan tó ń yí láfún rẹ̀ lójú oòrùn dìde wá bá wa. Ìlẹ̀kẹ̀ funfun wà lọ́rùn rẹ̀, olórìṣà ni. Ìyá mi kí i pé ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú oòrùn, ó sì sọ ohun tó gbé wa wá.

"Ẹ̀yin fúnra yín lẹ fẹ́ wà á?" Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pe àwọn ìyàwó ilé, wọ́n kó láfún sí ẹ̀gbẹ́ kan fún wa.

Òun ló ròyìn ibẹ̀ fún wa. Oko obì bàbá ọkọ rẹ̀ ni tẹ́lẹ̀, kí àwọn òyìnbó tó gé e. Àwọn obìnrin abúlé ló ru òkúta tí wọ́n fi ṣe é, òun sì pọn àkọ́bí rẹ̀ sẹ́yìn. Lọ́jọ́ tí bàlúù kọ́kọ́ balẹ̀, gbogbo abúlé ló sá wọ igbó.

"Bàbá ọkọ mi ń jẹun lọ́wọ́," ló wí, "tòun tàwo ọbẹ̀ ló sá lọ. Nígbà tó padà dé, ọbẹ̀ ti tán, ó ní igbó ló mu ún."

Ẹ̀kọ́ wa bẹ̀rẹ̀. Píkọ́ọ̀pù ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́, ó ń kú, ó ń jí. Ẹ̀gbọ́n mi ń pariwo, "Alájà, ẹ tẹ kúlọ́ọ̀ṣì! Kì í ṣe bíréèkì!"

"Èmi lò ń pariwo mọ́ bẹ́ẹ̀?" ni ìyá mi dáhùn, ó sì ṣèèṣì yí sítíárì kọjú sí láfún.

Ìyá àgbà ti rí i. Ó já gèlè rẹ̀, ó já ìborùn rẹ̀, ó mú ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́, ó dúró sí iwájú lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń jù wọ́n sọ́tùn-ún, ó ń jù wọ́n sósì, bí òyìnbó tó máa ń fi àsíá júwe ọ̀nà fún bàlúù nígbà ogun. Ìyá mi tẹjú mọ́ ọn, mọ́tò sì tọ́. Ẹ̀gbọ́n mi sọ̀ kalẹ̀, ó lọ jókòó sábẹ́ igi. Ó ní, "Ẹ máa bá tíṣà yín lọ."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń lọ ní Sátidé Sátidé, títí jíà fi mọ́ ìyá mi lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kan, ó bi ìyá àgbà pé, "Ìyá, ṣé ẹ wọ bàlúù náà rí?"

"Èmi kẹ̀? A ru òkúta, a gbálẹ̀, a ta ẹyin fún wọn, kò sẹ́ni tó ní ká wá jókòó nínú ẹ̀. Mo bẹ òyìnbó kan rí. Ó rẹ́rìn-ín, ó fún mi ní bisikíìtì."

Ìyá mi lọ sídìí píkọ́ọ̀pù. Ó ṣílẹ̀kùn iwájú, ó ní kí n bọ́ sẹ́yìn. Ìyá àgbà wọlé, ó gbá ìró rẹ̀ mú. Ìyá mi ní "Bísímílà," ìyá àgbà náà pe òrìṣà rẹ̀, píkọ́ọ̀pù sì gbéra. N kò mọ̀ pé ìyá mi lè sáré bẹ́ẹ̀. Mo di irin mú lẹ́yìn, atẹ́gùn gba ìborùn mi lọ. Àwọn lékèélékèé tó wà lójú ọ̀dà fò sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ìyá àgbà sì yọrí síta lójú fèrèsé, ó ń pariwo, "Ó ń gbéra o! Ó ń gbéra nílẹ̀!"

Nígbà tí a dé ìpẹ̀kun, omi wà lójú rẹ̀, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká tún un lọ," ló wí. Ìyá mi, tí kì í fi epo mọ́tò ṣòfò, yí orí mọ́tò padà, a sì tún un lọ.

Ìyá mi gba láísẹ́ǹsì rẹ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wa píkọ́ọ̀pù wọ Ìtòkú, àwọn aláró fi iṣẹ́ sílẹ̀ tọwọ́-taró, wọ́n jáde wá wò ó. Láti ìgbà náà, bí ọjọ́ ọjà Láfẹ́nwá bá pé, a máa ń yà sí abúlé náà kó láfún wọn lọ sọ́jà, ìyá àgbà á sì jókòó níwájú bí ọ̀gá. Ní ti ẹ̀gbọ́n mi, bó bá fẹ́ fi mọ́tò náà jáde, àfi kó kọ́kọ́ bẹ Alájà. Alájà á bi í pé, "Ṣé o mọ̀ ọ́n wà dáadáa?"