Ọjọ́ Tí Bàbá Po Tíì Fúnra Wọn

Ọjọ́ tí ẹ̀rù bà mí jù ní yunifásítì ni ọjọ́ tí mo ṣe ìdánwò nílé bàbá kan ní Festac. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti pa ọwọ́ ọ̀tún wọn, iṣẹ́ tí mò ń kọ́ sì ni láti ran irú wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tún lè máa dá nǹkan ṣe. Ìdánwò náà ni kí bàbá fi ọwọ́ òsì po tíì láìjẹ́ pé mo bá wọn ṣe é.

Mo tẹ́ aṣọ tútù sábẹ́ ife kó má baà yọ̀. Bàbá fi ọwọ́ òsì gbé kẹ́tùlù. Omi inú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ hó ni, ọwọ́ wọn sì ń gbọ̀n.

"Ọmọ yìí, o ò rí i ni? Gbà á lọ́wọ́ wọn!" ni ìyàwó wọn kígbe.

"Tí o bá gbà á, o ti fèèlì," ni olùkọ́ mi tó jókòó tó ń fún mi ní máàkì wí.

Mo ká ọwọ́ mi sẹ́yìn. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ kì í wo àgbà níran! Omi ta sí etí ife, lẹ́yìn náà ó wọnú rẹ̀.

"Ìyá Ṣadé, gba tíì. Má bínú, ọwọ́ òsì ni," ni bàbá wí fún ìyàwó wọn.

Ìyá fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, omijé sì bọ́ lójú wọn.