Pẹ́pẹ́yẹ Fẹ́ Padà Sínú Omi

Pẹ́pẹ́yẹ ni gbogbo èbúté ń pè é, torí kò sẹ́ni tó rí i kí ara rẹ̀ gbẹ rí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó mùwẹ̀ lọ sábẹ́ ọkọ̀ ojú omi, kó fi irin ha ìkarahun tó lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ kúrò. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà ju oúnjẹ lọ, ẹni tó bá sì mọ bó ṣe ń jẹun á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ni mo sọ yẹn. Ṣùgbọ́n òtútù omi wọ inú egungun rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, irin á bọ́ sísàlẹ̀ òkun. Nígbà tí irin tó sọnù pọ̀ jù, ọ̀gá rẹ̀ ní kó lọ sinmi nílé.

Sinmi kẹ̀! Ìyàwó rẹ̀ ló jìyà ìsinmi ọ̀hún. Ọkọ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e káàkiri ilé ìdáná, ó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ha ìdí ìkòkò.

Láti fún obìnrin náà láyè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ wẹ̀ nínú òkun láràárọ̀. Lọ́jọ́ kan, ó ṣàkíyèsí pé òtútù ò mú òun mọ́. Ó pẹ́ nínú omi títí, eyín rẹ̀ ò gbá ara wọn. Ló bá sáré wálé.

"Ìyàwó mi, agbára mi ti padà! Atalẹ̀ tí mò ń jẹ ti ṣiṣẹ́!"

"Atalẹ̀ wo? Èyí tí ẹ máa ń tu dànù lójú fèrèsé?"

Ọmọbìnrin wọn, tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń wo ojú ọjọ́, gbìyànjú láti là á yé e. "Bàbá mi, òkun ló ń gbóná o. Èéfín tá à ń tú sójú ọ̀run ò jẹ́ kí ooru ráyè lọ, òkun ló sì ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ mì. Bí kò bá gbé e mì ni, à bá ti yan gbẹ."

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ò fẹ́ kí bàbá ẹ lágbára ni?"

Ó kọ etí ikún sí i. Bí ẹṣin bá dáni, ṣebí à á tún un gùn ni. Ó fi tipátipá ti ikùn bọ inú ṣòkòtò iṣẹ́ àtijọ́, ó dorí kọ èbúté.

"Ọ̀gá, ẹ dán mi wò! Ara mi ti yá!"

Ọ̀gá nawọ́ sí bẹ́ńṣì kan. Gbogbo àwọn àgbà omùwẹ̀ tí òtútù ti lé lọ sílé ló jókòó síbẹ̀, olúkúlùkù nínú ṣòkòtò tó ti fún un. Ọ̀kan ní àlùbọ́sà ló wo òun sàn. Èkejì ní látìgbà tóun ti jáwọ́ nínú bíbá ìyàwó òun jà ni.

Pẹ́pẹ́yẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ronú. Báwo ni àrùn gbogbo wọn ṣe lè lọ pa pọ̀? Ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ wá sọ́kàn rẹ̀, ẹ̀rín sì kú mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ẹ dìde, ẹ̀yin bàbá," ni ọ̀gá wí. "Omi gbígbóná yìí ń mú kí ìkarahun yára hù, iṣẹ́ ti wọ̀ wá lọ́rùn. Gbogbo yín ni mo gbà."

Iṣẹ́ tó ti ń wá lójú méjèèjì dọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ na aṣọ ìnura sí i.

"Òtútù ò mú yín ju bó ṣe yẹ lọ ṣá?"

"Kò mú mi rárá," ni Pẹ́pẹ́yẹ dáhùn, ó sì jókòó. "Ẹ̀rù ń bà mí, ìyàwó mi."