Èéfọ́ Tánganran Inú Ẹ̀kọ Bàbá

Ta! Ohun tí mo gbọ́ láàárọ̀ yìí nìyẹn. Yẹtí kan ló dún lórí tábìlì mi. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tó ti jáde nínú iná, ó ti tutù, mo ti ń yìn ín, àfi bí tánganran ara rẹ̀ ṣe ta kúrò tó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè ní kí ni yẹtí kan já mọ́. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, mo padà sí abúlé bàbá mi lọ́nà Akanran, mo kọ́ yàrá iṣẹ́ kékeré kan sáàárín oko kòkó, mo sì ń ṣe yẹtí tánganran. Gíláàsì tí mo lọ̀ kúnná ni mo ń fi asẹ́ jọ̀ sórí bàbà pupa pẹlẹbẹ, mo ń kì í bọ ààrò gáàsì títí yóò fi yọ́, tí yóò máa dán bí abọ́ àwọn ìyá wa àtijọ́. A gbọ́dọ̀ bu gíláàsì sí ẹ̀yìn rẹ̀ náà, kí iwájú àti ẹ̀yìn lè di ara wọn mú. Bí ẹ̀yìn bá wà lásán, ọjọ́ kan ni iwájú yóò ta dànù. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n Iléyá ti dé tán, àwọn oníbàárà ń pè mí ṣáá, mo bá fi ẹ̀yìn yẹtí mẹ́fà sílẹ̀ lásán. Márùn-ún ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Ìkẹfà ti bá ọlọ́kadà lọ sí Alákìá, sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ní ọmọ oṣù mẹ́jọ, irú ọmọ tí kì í rí nǹkan nílẹ̀ kó má kì í bọ ẹnu.

Ẹ̀rù bà mí pé ọmọ náà lè gbé èéfọ́ rẹ̀ mì. Ẹ̀rù yẹn kì í sì í ṣe àlejò sí mi.

Mo lè tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà. Ilé amọ̀ ni ilé wa, páànù rẹ̀ ti dípẹtà, ṣùgbọ́n ìyá mi ní àwọn abọ́ tánganran tí wọ́n kó wá sílé ọkọ, tí wọ́n tò léra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Aláwọ̀ aró kan wà nínú wọn tó ní ọmọrí. Ti Bàbá nìkan ni. Bí oṣù Ààwẹ̀ bá dé, òun ni wọ́n ń bu ẹ̀kọ gbígbóná ìṣínu sí. Kí o ṣèèṣì fi ṣíbí kàn án, wàá gbọ́ ohùn ìyá mi láti ẹ̀yìnkùlé: “Ṣé ìwọ lo bá mi rà á ni?”

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú ààwẹ̀, wọ́n ní kí n fọ abọ́ náà létí kànga. Ọṣẹ yọ̀ mí lọ́wọ́, abọ́ bọ́ lu òkúta, ó dún ta! Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí ohun tó kúrò lára rẹ̀, àfi ilà wẹ́wẹ́ bí òwú aláǹtakùn. Mo nù ún, mo gbé e wọlé, mo panu mọ́.

Nígbà tí oòrùn wọ̀, Bàbá àti àlejò wọn kan jókòó ṣínu, Bàbá sì mu ẹ̀kọ wọn tán. Ìgbà tí mo kó abọ́ jáde láti fọ̀ ni mo rí i: ojú kan nínú abọ́ náà ti dúdú, ó tó èékánná àtàǹpàkò. Tánganran ibẹ̀ ti lọ. Mo wá a nínú omi ìfọbọ́, mo wá a nílẹ̀, mi ò rí i. Inú Bàbá ló wà.

Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, sì ti máa ń sọ fún wa pé ẹni tó bá gbé èéfọ́ tánganran mì, ìfun rẹ̀ ni yóò máa gé díẹ̀díẹ̀, títí… Wọn kì í parí rẹ̀. Wọ́n á kàn mirí.

Háà, ẹ̀rù bà mí! Bí Bàbá bá wúkọ́, ìfun tèmi ló ń gé. Bí wọ́n bá ń lọ sí ṣáláńgá, mo ń yọ́ tẹ̀lé wọn, mo ń dúró sẹ́yìn ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo ń tẹ́tí bóyá wọn yóò ké. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n yọrí síta: “Kí lò ń ṣọ́? Ṣé o fẹ́ bá mi ṣe é ni?” Mo fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Lọ́jọ́ kẹrin, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Bàbá na ara wọn sórí ẹní, wọ́n fọwọ́ gbá ikùn mú. “Inú ń run mí díẹ̀,” wọ́n ní. Ó tán! Mo ṣubú lé wọn láyà.

“Bàbá, ẹ má kú! Èmi ni! Èmi ni mo fọ́ abọ́ yẹn o!”

Wọ́n wá na ọwọ́ sábẹ́ awọ àgbò tí wọ́n fi ń kírun, wọ́n mú èéfọ́ kékeré kan jáde, aláwọ̀ aró.

“Eyín mi ló bá a pàdé lọ́jọ́ náà,” wọ́n ní. “Mo rò pé ìyá rẹ ló fọ́ ọ. Àlejò wà níwájú mi, mi ò fẹ́ kí ojú tì í.”

“Inú tó ń run yín ńkọ́?”

“Ebi ni! Ààwẹ̀ ni mo gbà, ọmọ yìí.”

Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún. Lẹ́yìn náà inú bí mi, kí Ọlọ́run foríjì mí. Bàbá dákẹ́ nítorí ojú ìyá mi, èmi dákẹ́ nítorí pàṣán, odidi ọjọ́ mẹ́rin ni mo sì fi ń sin bàbá mi lọ́kàn mi.

Ẹ̀yin á ti rò pé lójú ẹsẹ̀ ni mo pe obìnrin Alákìá. Mi ò ní parọ́ fún yín, ó tó wákàtí kan tí mo fi jókòó ti fóònù. Ọkàn mi ń sọ pé bóyá tirẹ̀ kò ní ta. Pé bí mo bá sọ, wọn yóò máa fi ránṣẹ́ síra wọn lórí wásáàpù pé màmá kan ń ta ohun tó ń gé ọmọ nínú, iṣẹ́ mi yóò sì parí. Nígbà tó yá, mo dìde lọ sábẹ́ igi ọsàn, ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Mo pè, kò gbé e. Mo tún pè, kò gbé e. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó dáhùn.

“Ẹ káàárọ̀ mà.”

“Ọmọ rẹ ńkọ́?” Mi ò tilẹ̀ rántí kí i.

“Mà, tánganran ara yẹtí yẹn ti ta kúrò lánàá. Ẹnu ọmọ ni mo ti yọ èéfọ́ rẹ̀. Kò gbé e mì, mà. Mo rò pé èmi ni mo bà á jẹ́, mo ní bí mo bá sọ fún yín, ó máa dùn yín.”

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lábẹ́ igi ọsàn.

Bàbá ti lọ, ilé amọ̀ ti wó, abọ́ ike ni gbogbo ayé fi ń jẹun báyìí. Fóònù wà lọ́wọ́ tolórí tẹlẹ́mù, síbẹ̀ a ṣì ń bo ohun tó lè pani mọ́ra nítorí kí ojú má baà ti ẹnì kan. Mo ti fi òòlù fọ́ àwọn yẹtí tó kù. Nínú páálí ìṣáná kan lórí tábìlì iṣẹ́ mi ni èéfọ́ Bàbá tí mo ti ń tọ́jú látìgbà náà wà, aláwọ̀ aró. Mo ti fi ti àárọ̀ yìí tì í. Mo sì ti bẹ obìnrin Alákìá náà pé kó fi èyí tó yọ lẹ́nu ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.