Etí Ẹṣin Onígi Délé

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Ìsúndunrìn, ẹṣin kan wà ní yàrá ìyá mi tí kì í jẹ koríko. Igi apá ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró lórí igi méjì tó tẹ̀. Bí ọmọ bá gùn ún, á máa fì síwá sẹ́yìn. Bàbá Káfíńtà tó ń gbé ní ìlú Ara ló ṣe é fún ẹ̀gbọ́n mi, Délé. Ó ti rí irú rẹ̀ nílé òyìnbó kan tó bá ṣiṣẹ́ rí, ó wá fi ìrántí gbẹ́ ẹ. Ìdí nìyẹn tí ọrùn rẹ̀ fi gùn ju ti ẹṣin lọ.

N kò bá Délé láyé. Ibà ló pa á kó tó pé ọmọ ọdún méjì. Nígbà tó ń hu eyín, ó jẹ etí òsì ẹṣin náà, ojú eyín rẹ̀ sì kù síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún mi. Nílé wa, wọn kì í dárúkọ ọmọ tó ti lọ lójú àwọn tó kù.

Iṣẹ́ ni èmi mọ̀. Ní gbogbo Sátidé, lẹ́yìn tí mo bá ti fi iyanrìn fọ àpótí ìjókòó, tí mo sì ti jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà mi, ìyá mi á gbé ẹṣin náà sóòrùn. Á nu eruku rẹ̀, á fi àkísà tó rẹ sínú àdín pa á láti orí dé ìrù. Kì í kan etí òsì. Mo rò pé ó ń gbàgbé ni. Bí mo bá bẹ̀ ẹ́ títí, á jẹ́ kí n gùn ún díẹ̀, á ní, "Ó tó, sọ̀ kalẹ̀." Òórùn àdín á sì wà láṣọ mi títí di ọjọ́ kejì.

Lọ́dún kan, kòkòrò jẹ àpótí aṣọ bàbá mi, ìyẹ̀fun igi ń dà sílẹ̀. Bàbá mi ní kí Bàbá Káfíńtà wá yẹ gbogbo igi inú ilé wò, pé èyí tí kòkòrò bá ti wọ̀, iná ló ń lọ. Mo ti rí àwọn ihò kéékèèké tó wà létí òsì ẹṣin, mo sì rò pé kòkòrò ló jẹ ẹ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ò ní gbàgbé ewé ipin tí a fi ń ha igi àti ìkòkò. Mo já ẹ̀kúnwọ́ kan, mo fi ha etí náà títí ó fi dán. Inú mi dùn sí ara mi.

Bàbá Káfíńtà dé. Ó fi ìka kan ẹṣin náà, kó, kó, ó dẹtí sí i. Ó dà á dojú dé, ó gbọ̀n ọ́n, kò sí ìyẹ̀fun. Ó sọ fún ìyá mi pé, "Igi yìí ṣì le jù mí lọ. Àdín rẹ ló gbà á là." Ó wá fọwọ́ pa etí rẹ̀, ó tún un pa. "Ìyá Délé, ojú eyín ọmọ dà?"

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ orúkọ náà nìyẹn. Mo jẹ́wọ́ pé èmi ni mo ha á, kí wọ́n má baà fi ẹṣin dáná. Mo ń retí ẹgba. Ẹgba kò wá. Ìyá mi fi àtàńpàkò wá ibẹ̀ títí, kò rí nǹkan kan. Ó ní, "Máa gùn ún bó bá ṣe wù ọ́." Láti ọjọ́ náà, kò fi àdín kàn án mọ́, kò sì sọ fún mi mọ́ pé kí n sọ̀ kalẹ̀.

Láyé ìsinsìnyí, rọ́bà ni ohun ìṣeré ọmọdé. Bó bá fọ́, a jù ú nù. Fóònù ọmọ mi kún fún àwòrán ọmọ tirẹ̀: bó ṣe ń sùn, bó ṣe ń sunkún, bó ṣe ń hu eyín. Ó ń pa wọ́n rẹ́ kí àyè lè wà fún òmíràn. N kì í bá a wí. Ìyá mi kò ní àwòrán Délé kankan. Etí ẹṣin yẹn nìkan ló ní, èmi ni mo sì fọwọ́ ara mi ha á dànù.