Sàárà Tí A Ṣe fún Eyín Bàbá Mi

Bàbá mi ní eyín iwájú tó lágbára, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Níbi ìsọmọlórúkọ, bí ọtí ẹlẹ́rìndòdò bá jáde tí ohun tí a ó fi ṣí i kò sí nítòsí, àwọn èèyàn á na ìgò sí wọn. Bàbá mi á kọ́kọ́ wò yíká bóyá ìyá mi ń wò, wọ́n á wá fi eyín tú ìdérí náà, àwọn ọmọdé á hó yèè. Àgbà alfa, ọmọ Ìlọrin, tí tọmọdé tàgbà ń bẹ̀rẹ̀ kí! N kò gbádùn rẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọ́?

Ọjọ́ tí eyín náà kọ̀ fún wọn, ní àdúgbò Kukuo ni, nílé ọ̀rẹ́ wọn kan tó bímọ. Ìdérí ṣí o, ṣùgbọ́n mo rí bàbá mi tí wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu. Eyín kò kán, kò sì mì. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Bí ilé bá ń jó lórí bàbá mi, wọ́n á ní kò sí nǹkan kan.

Kí ẹ tó lè mọ ìdí tí eyín kan ṣoṣo fi da ilé wa rú, ẹ ní láti mọ iṣẹ́ wọn. Àwọn ni Ajánásì ní mọ́ṣáláṣí àwa Yorùbá ní Tamale, lókè Ghana. Nínú oṣù Ràmàdáánì, bí Lèmọ́mù bá jókòó láti túmọ̀ Kùránì fún ìjọ, Ajánásì ni yóò kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sókè, kedere, kí Lèmọ́mù tó sọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá. Bàbá tó bí wọn ló ṣe é kí ó tó kàn wọ́n. Háràfì kan, ìyẹn lẹ́tà kan, sì wà nínú èdè Lárúbáwá tí ahọ́n gbọ́dọ̀ kan ṣóńṣó eyín iwájú kí ó tó jáde bó ṣe yẹ. Bí eyín bá ti yọ, afẹ́fẹ́ á gba àlàfo ibẹ̀, ohùn á máa súfèé. Ajánásì tó ń súfèé, a kì í lé e. A óò kàn rọra sọ fún un pé, "Ẹ sinmi, Alfa." Bàbá mi kórìíra ọ̀rọ̀ yẹn ju èébú lọ.

Ní àkókò tí mò ń sọ yìí, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ìtọ́jú eyín lọ́dọ̀ tiwa kò ju méjì lọ. Onígbàjámọ̀ Hausa wà tí yóò da èso sínú iná, tí yóò ní kí o ya ẹnu sí èéfín rẹ̀, tí yóò wá fi kòkòrò funfun hàn ọ́ nínú omi pé òun ló ń jẹ ọ́ léyín. Mo ti fi ojú ara mi wo àwọn kòkòrò yẹn. Inú èso ni wọ́n ti ń jáde, kò sí ẹni tó lè sọ fún mi pé inú ẹnu ni. Bí kì í bá ṣe onígbàjámọ̀, ọsibítù ni, níbẹ̀, yíyọ ni. Eyín ń dùn ọ́? Yọ ọ́. Ó ń mì? Yọ ọ́. Ó wú? Kí lo tún ń dúró dè? N kò bá wọn wí, èrò pọ̀, irinṣẹ́ kò sì tó. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà wa fi ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́nu.

Lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ Kukuo, eyín náà bẹ̀rẹ̀ sí í dun bàbá mi. Omi tútù kò ṣeé mu, túwó gbígbóná kò ṣeé jẹ. Wọ́n fi kànáfùrù sí i, wọ́n fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, wọ́n ka àdúà sí i. Wọn kì í ké, rírìn ni wọ́n ń rìn káàkiri àgbàlá títí ìyá mi á fi ní kí wọ́n jẹ́ kí ilẹ̀ sinmi.

Àfi bí ìrora náà ṣe dá lójijì. Bàbá mi jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n mu omi inú àmù, wọ́n dúró, wọ́n tún mu. Kò dùn wọ́n mọ́. Inú wa dùn débi pé ìyá mi rẹ ìrẹsì fún wàìnà, àkàrà onírẹsì, lójú ẹsẹ̀. Àṣà wa ni pé bí Ọlọ́run bá yọ èèyàn nínú àìsàn, a kì í fi ẹnu lásán dúpẹ́, sàárà gbọ́dọ̀ jáde. A dín wàìnà, a tò ó sínú ọpọ́n, àwọn ọmọ ilé kéwú jókòó, wọ́n ṣe àdúà, wọ́n ṣe àmín, wọ́n jẹ, wọ́n sì di èyí tó kù lọ. Bàbá mi fi eyín náà gan-an gé wàìnà, wọ́n ń wò wá bí ẹni tó borí ogun.

Kò pẹ́ tí eyín náà bẹ̀rẹ̀ sí í pàwọ̀ dà. Ó kọ́kọ́ rí bí ẹni pé obì ló kùn ún, nígbà tó yá ó di àwọ̀ eérú. Kókó kékeré kan yọ sí èrìgì lókè rẹ̀, ó ń tú, ó tún ń wú padà. Bàbá mi mọ̀, ìyá mi mọ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ṣé ẹ rí i, a ti ṣe sàárà. A ti dúpẹ́ ní gbangba. Ta ni yóò wá jáde sọ pé àìsàn náà kò tíì lọ?

Inú bí mi títí mo fi bi ìyá mi léèrè.

Wọ́n ní, "A ti dúpẹ́ lórí ẹ̀. Ṣé ká tún padà lọ sọ fún Ọlọ́run pé kò san ni?"

Mo ní, "Ìyá, Ọlọ́run ò rí i ni? Ṣebí ẹnu Bàbá ló wà."

Wọ́n ní kí n lọ fọ abọ́. Mo ti ń ta aṣọ fúnra mi lọ́jà nígbà yẹn, mo ti ń gun alùpùpù tara mi, mo sì lọ fọ abọ́.

Nígbà tí Ràmàdáánì kù sí dẹ̀dẹ̀, ètè òkè bàbá mi wú, kò ṣeé fi pamọ́ mọ́. Lèmọ́mù àti àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí wá kí wọn lẹ́yìn ìrun Alásárì. Wọ́n ṣe àdúà, wọ́n mu omi, wọ́n béèrè àlàáfíà ilé. Ìgbà tí wọ́n ń wọ bàtà ni Lèmọ́mù tó sọ ọ̀rọ̀ tó gbé wọn wá. "Alfa, tó bá di tọdún yìí, igbákejì yín náà lè bá wa kà á. Ẹ sinmi díẹ̀." Bàbá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn tí àlejò lọ tán, wọ́n wọ yàrá, wọn kò jẹun. N kò rí wọn bẹ́ẹ̀ rí, ó sì dùn mí wọ egungun. Lọ́jọ́ kejì wọ́n lọ sí ọsibítù, wọ́n sì gba ọjọ́ tí a óò yọ eyín náà.

Oníbàárà mi kan, obìnrin Dàgóńbà, àwọn tó ni ilẹ̀ Tamale, ló bá mi lọ́jà níbi tí mo ti ń fi aṣọ bínú, tí mò ń ká a, tí mò ń tú u. Ó bi mí ohun tó ṣe mí, mo sọ fún un. Ó ní dókítà eyín kan, obìnrin, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré kan lọ́nà Choggu, ẹni yẹn kì í sì í tètè yọ eyín.

Mo ní, "Tí kò bá yọ ọ́, kí ló ń ṣe fún un?"

Ó ní, "Ó ń fọ inú ẹ̀."

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Bàbá mi kò kọ́kọ́ gbà. Mo ní bí obìnrin náà kò bá lè ṣe nǹkan kan, yíyọ kò sá lọ. Ìyẹn wọ̀ wọ́n létí. Wọ́n ká agbádá mọ́ra, wọ́n jókòó sẹ́yìn alùpùpù mi, wọ́n ń ka àdúà ìrìn àjò bí ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà. Gbogbo ọ̀nà ni wọ́n ń ní kí n rọra.

Ọmọ ìsàlẹ̀ Ghana ni dókítà náà, ṣùgbọ́n ó gbọ́ Hausa, bàbá mi sì gbọ́ Hausa ju ẹni tó ni ín lọ. Ó fi òwú tútù kan eyín wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ló mọ òtútù, àfi ẹyọ kan yẹn. Ó ya fótò rẹ̀, ó gbé e sójú fèrèsé, ó sì bi wọ́n bóyá nǹkan gbá a rí. Bàbá mi wo ilẹ̀. Èmi ni mo sọ̀rọ̀ ìgò.

Ó ní, "Màlám, eyín yìí ti kú. Iṣan kan wà nínú eyín, òun ló ní ẹ̀mí. Ìgbà tó ń kú lọ́wọ́ ló ń dùn yín. Ọjọ́ tó kú tán ni ìrora dá."

Bàbá mi wò ó, wọ́n wò mí. Ẹ̀rín wá gbé wọn títí wọ́n fi di ètè mú.

"Ó jẹ́ pé fìdáù la ṣe!" Fìdáù ni àdúà tí à ń ṣe fún òkú. "A pe ọmọ kéwú jọ, a ṣe fìdáù fún eyín, a lérò pé ìdúpẹ́ ni! Kò burú, a ò parọ́ fún Ọlọ́run. Dókítà, kí la wá fẹ́ ṣe sí òkú náà?"

Mo rí i bí ẹrù ṣe sọ̀ lórí wọn, ara tèmi náà sì fúyẹ́.

Dókítà ní òkú tó ń jẹrà nínú ibẹ̀ ló ń wú wọn lẹ́nu, eyín fúnra rẹ̀ kò ṣẹ̀. Òun óò kó o jáde, òun óò fọ ilé rẹ̀, òun óò sì dí i. Ó na rọ́bà fẹ́lẹ́ bo ẹnu wọn, eyín yẹn nìkan ló yọrí. Ó lu ihò sí ẹ̀yìn rẹ̀, òórùn kan jáde tí n kò ní í ṣàpèjúwe. Ó wá ń mú àwọn abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó rí ṣákaṣàka bí ayùn, ó ń ti ọ̀kan wọlé, ó ń yí i, ó ń fà á jáde, ó ń nù ún, ó ń mú èyí tó nípọn jù ú lọ. Ọwọ́ bàbá mi ni mò ń wò. Bí nǹkan bá ń dùn wọ́n, àtàǹpàkò wọn á máa ta. Kò ta.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní nílé ìwé, yíyọ ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ àwọn. Ó ní ìgbà kan wà tí àwọn dókítà ńlá láyé gbà pé eyín tó bá ti kú, májèlé ni, kí wọ́n máa yọ gbogbo rẹ̀ dànù. Àwọn tó ní a lè fọ inú rẹ̀ kí ó sì dúró ní láti máa fi fótò ṣe ẹ̀rí lọ́dọọdún kí wọ́n tó gbà wọ́n gbọ́. Nísinsìnyí, ó ní lọ́hùn-ún, dókítà wà tí iṣẹ́ wọn látàárọ̀ dalẹ́ kò ju inú eyín lọ, wọ́n ní ẹgbẹ́ tiwọn àti ìdánwò tiwọn. Mo bi í pé kí ló dé tí kò dúró sọ́hùn-ún.

Ó ní, "Ṣé ọ̀hún ni eyín bàbá yín wà?"

Mo tún padà sí wíwo àtàǹpàkò bàbá mi.

Nígbà tí a padà lọ kí ó lè dí i, ètè bàbá mi ti walẹ̀, kókó èrìgì ti rọ. Oṣù Ràmàdáánì sì ti fẹ́ lé. Dókítà ti mú nǹkan pupa rúsúrúsú kan dání kí bàbá mi tó na ọwọ́ dá a dúró. Wọ́n ti gbọ́ ọ níbì kan pé eegun ẹlẹ́dẹ̀ ni àwọn òyìnbó fi ń dí eyín.

"Kí lẹ fẹ́ fi sí i?"

"Oje igi ni, Màlám."

"Igi tó ń hù?"

"Igi tó ń hù."

Wọ́n ní àlùhàmúdù lílàáì, wọ́n sì ya ẹnu fúnra wọn. Nígbà tó parí, ó kìlọ̀ fún wọn lórí ìgò bí ẹni ń kìlọ̀ fún ọmọ ọwọ́, mo sì gbádùn rẹ̀ dé ẹ̀yìn ọrùn. Ó ní eyín náà kò ní í funfun mọ́. Bàbá mi ní háràfì kò ní àwọ̀.

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà títí oṣù fi lé, wọn kò ka Kùránì sókè nínú ilé. Sínú ni wọ́n ń kà á. A kò bi wọ́n, ẹ̀rù ló bà wá.

Lọ́jọ́ tí ìtumọ̀ bẹ̀rẹ̀, èmi àti ìyá mi wà lẹ́yìn aṣọ tí a ta fún àwọn obìnrin, mò ń yọjú. Bàbá mi ti ránṣẹ́ sí Lèmọ́mù pé àwọn fẹ́ kọ́kọ́ dán an wò. Igbákejì wọn jókòó tì wọ́n, ó ti ṣí Kùránì tirẹ̀, ó fi ìka sí i, bí ó bá di pé ó máa gbà á. Fátíhà, orí àkọ́kọ́ nínú Kùránì, ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Gbogbo Fátíhà, ẹ̀ẹ̀kan péré ni háràfì eyín yẹn wà nínú rẹ̀, ìsàlẹ̀ pátápátá ló sì wà. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi gbá mi lọ́rùn ọwọ́ mú, èékánná wọn wọlé. Ohùn ń bọ̀, ó ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó dé ibẹ̀. Háràfì náà jáde, ó mọ́, kò sí súfèé, wọ́n sì kọjá rẹ̀ lọ bí ẹni kọjá níwájú ilé ara rẹ̀.

Igbákejì pa Kùránì rẹ̀ dé. Lèmọ́mù túmọ̀ ohun tí bàbá mi kà tán. Ìyá mi kò tíì fi mí sílẹ̀. Lèmọ́mù wá kọjú sí bàbá mi, wọ́n sọ ọ́ bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ lọ́dọọdún:

"Ẹ máa kà á lọ, Alfa."

Ìgbà náà ni ìyá mi tú ọwọ́ mi sílẹ̀.