Bọ́tìnì Méjì Bàbá Má-Sá-Lọ

Kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá télọ̀ sí afẹ́fẹ́ rere, òun nìkan ló dá gbọ̀ngàn sinimá rú lọ́jọ́ náà. Eré apanilẹ́rìn-ín àtijọ́ ni, èyí tí kò ní ju dúdú àti funfun lọ. Ìyàwó ojú ọ̀nà bá ká aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ sókè, ó fẹ́ já ọkọ jù sílẹ̀, kó sá tọ oníwèé ìròyìn aláriwo kan lọ. Bó ṣe gbẹ́sẹ̀ báyìí, bàbá télọ̀ dìde fùú, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Má sá lọ! Ọmọ yìí, má sá lọ o!"

"Bàbá, ẹ jókòó!"

"Ó dìgbà tóun náà bá jókòó!"

Wọ́n tanná, wọ́n rọra mú un jáde. Bó ṣe di Bàbá Má-Sá-Lọ nìyẹn.

Ẹni tó bá rò pé ojú tì í, kò mọ̀ ọ́n ni. Ó wá fídíò eré náà kàn, ó gbé tẹlifíṣọ̀n síwájú máṣìnì ìránṣọ, ó di gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ojú télọ̀ ló fi ń dájọ́. Ó ní kóòtù ọkọ tí wọ́n fẹ́ já sílẹ̀ jókòó léjìká, ọmọlúàbí ló ń wọ irú ẹ̀. Oníwèé ìròyìn ńkọ́? Ẹsẹ̀ sòkòtò rẹ̀ kan gùn ju ìkejì! Oníbàárà kan tó wá wọn kóòtù rẹ̀ wò ṣèèṣì sọ pé ìyàwó náà jàre. Ẹ gbà mí o! Odindi wákàtí kan ló fi dúró pẹ̀lú píìnì lára, tí Bàbá ń ṣàlàyé fún un.

Màmá, ìyàwó rẹ̀, tó ń gán bọ́tìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, rẹ́rìn-ín.

"Ṣé sòkòtò ló fẹ́ fẹ́ ni? Ọjọ́ témi sá wá bá yín, bọ́tìnì mélòó ló ṣẹ́ kù lẹ́wù yín?"

"Méjì," ni Bàbá wí.

Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Màmá náà sá lọ́jọ́ ìgbéyàwó ni. Ọkọ ń dúró níwájú ilé, ìyàwó gba ẹ̀yìnkùlé lọ bá télọ̀ tó rán aṣọ ìgbéyàwó. Aṣọ náà gan-an ló sì wọ̀ sá! Fún ogójì ọdún, àánú ọkọ àkọ́kọ́ yẹn ò kúrò lọ́kàn Bàbá, ẹ̀rù sì ń bà á pé Màmá lè máa kábàámọ̀. Bí eré bá ti débi tí ìyàwó ti fẹ́ sá, á pa fídíò.

"Ìyá àwọn ọmọ, ṣé o ò kábàámọ̀?"

"Ẹ jẹ́ n gán bọ́tìnì mi jàre."

Màmá rò pé Bàbá ti mọ ìdáhùn. Yẹ̀yẹ́ ló ń fi í ṣe, kò dá a lóhùn tààrà rí.

Ní Sátidé kẹta lẹ́yìn ìsìnkú Bàbá, Màmá nìkan tan fídíò náà. Ìyàwó ká aṣọ sókè. Màmá ń retí ariwo Bàbá. Kò sẹ́ni tó pariwo. Ló bá dìde fúnra rẹ̀.

"Sá lọ, ọmọ mi! Sáré!"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa wo eré náà dópin. Oníwèé ìròyìn na ọwọ́ sí ìyàwó, wọ́n jọ ń sá lọ. Màmá tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ ọkùnrin náà. Lóòótọ́, ẹsẹ̀ sòkòtò kan gùn ju ìkejì. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá kọjú sí máṣìnì ìránṣọ.

"Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá, kò dọ́gba. Ṣùgbọ́n mi ò kábàámọ̀ rí, ẹ gbọ́? Bọ́tìnì méjì yẹn tó mi."