Ibi Tí Kíkan Ògì Ń Gbà Jáde

Òórùn omi ògì kò tíì kúrò lọ́wọ́ mi láàárọ̀ ọjọ́ tí olùkọ́ àgbà obìnrin kan ti yunifásítì wá láti wá wo bí mo ṣe ń kọ́ni. Ìgandò ni ilé ẹ̀kọ́ girama tí wọ́n ní kí n ti fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò wà, ìyá mi sì ń ta ògì n'Ìdímù. Láti kékeré, èmi ni mo máa ń da omi ojú ògì nù láràárọ̀, tí mo sì máa ń bu tuntun sí i, kó má baà kan jù. Bí màdáámù yẹn bá sọ pé n kò mọ̀ ọ́n kọ́, gbogbo làálàá mi láti di olùkọ́ ṣòfò nìyẹn.

Mo gbé abọ́ ògì kan wá sí kíláàsì. Mo ṣàlàyé pé àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí ló ń jẹ ṣúgà inú àgbàdo, pé ìdọ̀tí oúnjẹ wọn ni kíkan tí a ń tọ́ wò, àti pé bó bá pọ̀ nínú wọn, á pa wọ́n. Mo ní ẹnu ọ̀nà wà lára awọ fẹ́lẹ́ tó bò wọ́n, ibẹ̀ ni wọ́n ń tì í gbà jáde. Mo ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé èmi gan-an ni mo dá wọn.

Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ ma, tí wọ́n bá tì í síta, ṣebí inú omi yẹn náà ni wọ́n ṣì wà? Nílé wa n'Ìjẹ̀gùn, tí òjò bá rọ̀, a máa ń gbọ́n omi síta ṣá. Tí ìta bá ti kún, ó máa ń padà wọlé ni."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Màdáámù ń wò mí. Mo jágbe mọ́ ọmọ náà:

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ àgbàrá níbí? Jókòó jàre."

Ó jókòó, ó doríkodò.

Nígbà tí a jáde, màdáámù ní mo yege. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n òótọ́ lọmọ yẹn sọ. Bí omi ìta bá ti kan jù, kíkan ò ní rọ́nà jáde mọ́, á tún máa padà wọlé bá wọn, àárẹ̀ á sì mú wọn. Kí ló dé tí o fi pa á lẹ́nu mọ́?" Ojú tì mí gan-an. Ohun tí mo ti ń fọwọ́ mi ṣe láti kékeré ló ń bi mí, n kò sì dá a mọ̀.

Nígbà tí mo tún wọ kíláàsì náà, mo sọ lójú gbogbo wọn pé òótọ́ ni ọmọbìnrin náà sọ, mo sì bẹ̀ ẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó ní, "Kò sí wàhálà, ma." Mo rò pé ó ti tán nìyẹn. Àmọ́ títí mo fi kúrò níbẹ̀, bí mo bá béèrè ìbéèrè, tí mo wo ọ̀dọ̀ rẹ̀, orí tábìlì lọwọ́ rẹ̀ máa ń wà.

Mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ báyìí. Láràárọ̀ tí mo bá ń da omi ògì sí gọ́tà ẹ̀yìnkùlé mi l'Egan, ojú ṣì máa ń tì mí. Mo máa ń ro ohun tí ọmọ yẹn ì bá tún bi mí.